Ariwo Tó Ń Bá Oòrùn Jí: Bí Mo Ṣe Ń Fi Eríà Onígi Wá Orísun Rẹ̀

Ọ̀sẹ̀ kìíní, ọjọ́ Àbámẹ́ta

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń ka àkọsílẹ̀ mi mọ̀ pé ilé-iṣẹ́ rédíò ọ̀nà jíjìn ni mo máa ń dọdẹ lórí AM. Èyí tó wà ní Parakou, ní ilẹ̀ Benin, lórí 1566 kHz, ni mo fi máa ń dán rédíò wò. Láti oṣù tó kọjá, bí mo bá ti tan rédíò lójú ọ̀sán, "ṣáááá" ni. Kì í já, kì í sinmi. Níbí ní Ìbàdàn, àwọn oníná lèèyàn máa ń kọ́kọ́ fura sí. Àmọ́ wọ́n mú iná lọ lónìí ní agogo kan, gbogbo àdúgbò dákẹ́, ariwo mi ò yẹsẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Mo ti fi ọjọ́ mẹ́ta kọ àkókò rẹ̀ sínú ìwé. Nǹkan bí agogo méje àárọ̀ ló ń dé, ọ̀sán gangan ló ń le jù, agogo mẹ́fà ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ ó ti lọ. Ohun tó ń bá oòrùn jí tó sì ń bá oòrùn sùn, sólà ẹnì kan ni.

Ọ̀gá mi nínú irú iṣẹ́ yìí ni Karl Jansky, ẹnjiníà rédíò ará Amẹ́ríkà. Bell Labs, ilé ìwádìí ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù, ní kó wá ariwo tó lè máa dí ìpè tẹlifóònù orí rédíò lọ́wọ́. Ní Holmdel, ní New Jersey, ó kan eríà ńlá kan, ohun tó ń gba ìgbì rédíò, tó gùn tó mítà 30, ó gbé e sórí táyà mọ́tò Ford, ó sì ń yí po lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú 20. Ó rí ariwo ààrá nítòsí, ó rí ti ọ̀nà jíjìn, ó tún wá rí ẹ̀kẹta tó ń hó wúyẹ́wúyẹ́. Ó kọ́kọ́ rò pé oòrùn ni. Ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ló ń fi ìṣẹ́jú mẹ́rin yá ju ti àná lọ: wákàtí 23 àti ìṣẹ́jú 56, bí ìràwọ̀ ṣe ń yí padà nìyẹn. Lọ́dún 1933 ló kéde pé láti àárín ọ̀wọ́ ìràwọ̀ tiwa yìí ló ti ń wá. Ìṣẹ́jú mẹ́rin péré ló fi já oòrùn sílẹ̀!

Òótọ́ ni pé ọjọ́ mẹ́ta tèmi ò tó láti rí irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ bí ìkùukùu bá bo oòrùn, ariwo tèmi máa ń rọlẹ̀. Ìràwọ̀ wo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀?

Ọjọ́bọ̀

Kí n tó fura sí ará àdúgbò, mo pa gbogbo iná ilé tèmi, mo yọ inverter, mo fi bátìrì tan rédíò. Ariwo ṣì wà. Ẹ má rò pé àṣejù ni. Ní Parkes, ní Ọsirélíà, tí awò rédíò tí wọ́n fi ń gbọ́ ìró ojú ọ̀run fẹ̀ tó mítà 64, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń rí àmì kan tó jọ ti òfuurufú, ọ̀sán iṣẹ́ ló sì sábà máa ń yọjú. Lọ́dún 2015 ni wọ́n rí i pé ẹ̀rọ máíkíróweefù tí wọ́n fi ń gbé oúnjẹ gbóná ni: ẹni tí kò lè dúró kó dáwọ́ dúró fúnra rẹ̀ ló ń já ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí.

Ọ̀sẹ̀ kejì, ọjọ́ Àbámẹ́ta

Iṣẹ́ gan-an bẹ̀rẹ̀. Káfíńtà bá mi gé igi méjì, mo gbé wọn dábùú ara wọn, mo we wáyà yí wọn ká ní ìlọ́po mọ́kànlá. Ìhà kọ̀ọ̀kan tó sẹ̀ǹtímítà 60. Kapásítọ̀ tó ń yí, èyí tí mo fi ń wá ìgbì, láti inú òkú rédíò ni mo ti yọ ọ́. Wáyà já lẹ́ẹ̀mejì. Mo bú ara mi.

Ohun tí àwọn tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kì í mọ̀ ni pé ibi tí ariwo ti pọ̀ jù kọ́ lèèyàn ń wá. Ẹ yí eríà díẹ̀ sọ́tùn-ún tàbí sósì níbẹ̀, etí ò ní mọ ìyàtọ̀. Ibi tó ti dákẹ́ ni kẹ́ ẹ wá, torí ibẹ̀ mú bí abẹ. Tí ariwo bá rọlẹ̀ wìì, ojú eríà ló kọ sí orísun yẹn. Àbí ẹ̀yìn rẹ̀ ni o, kò lè sọ èwo.

Ọjọ́ Àìkú

Mo dúró síbi mẹ́ta, mo fa ìlà mẹ́ta sórí máàpù. Méjì àkọ́kọ́ pàdé lórí òpó iná! Ẹ̀tàn ni: wáyà orí òpó máa ń gbé ariwo kiri bí odò ṣe ń gbé ewé. Mo kúrò lábẹ́ wáyà, mo tún un ṣe, ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá há ilé mẹ́ta mọ́ àárín.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń kọ́ nípa ilẹ̀ àti àpáta dá sí i: "Bọ̀ọ̀dá, ẹ ò ṣe lo àkókò bíi tiwa?" Bí ilẹ̀ bá mì, ìgbì méjì ló ń jáde, ọ̀kan yára ju èkejì lọ. Ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan tó bá wà láàárín wọn tó nǹkan bíi kìlómítà mẹ́jọ. Ibùdó mẹ́ta á fa òbíríkítí mẹ́ta, ibi tí wọ́n ti pàdé ni. Ààrá náà rí bẹ́ẹ̀: ka mẹ́ta lẹ́yìn mànàmáná, kìlómítà kan. Mo ní kó bá mi ra aago tó lè ka ohun tó kéré ju ìdá mílíọ̀nù kan ìṣẹ́jú-àáyá lọ, torí láàárín ìyẹn rédíò ti rin mítà 300, àdúgbò wa ò sì gùn tó bẹ́ẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín.

Ọ̀sẹ̀ kẹta, ọjọ́ Ẹtì

Rédíò kékeré ni mo fi rìn ìyókù. Bí mo ṣe ń sún mọ́ ọn ni mo ń gun ìgbì kúkúrú, torí irú ariwo yìí kì í rìn jìnnà níbẹ̀. Ilé àárín ni.

Bàbá àgbàlagbà kan ló ni ín. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sọ tẹnu mi. Wọ́n wò mí títí. "Ṣé sólà mi ló wá ń bá rédíò ẹ jà?" Ẹ̀rọ tó ń darí iná láti orí páànù lọ sí bátìrì ni, wáyà rẹ̀ méjèèjì sì jìnnà síra, wọ́n wá di eríà. Bàbá gbà kí n lọ́ wọn mọ́ra, kí n sì fi òrùka ferrite, ohun dúdú tó ń dín ariwo inú wáyà kù, há wọn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta

Ariwo ò tán, ṣùgbọ́n ó ti rọlẹ̀ gan-an. Parakou wọlé kí ilẹ̀ tó ṣú. Bàbá ránṣẹ́ pé kí n mú rédíò kan wá fún àwọn náà.