Ooru inú túùbù ló ń ba èsì AST àti ALT jẹ́

AST àti ALT jẹ́ ẹ́ńsáìmù, ìyẹn èròjà ara tó ń mú kí iṣẹ́ kẹ́míkà yára, tí a ń wọ̀n nínú ẹ̀jẹ̀ láti mọ bí ẹ̀dọ̀ ṣe wà. Eré tí wọ́n ń sá là ń wọ̀n, ooru ló sì ń lé eré náà. Bí ooru bá fi dígírì 10 gòkè, eré á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Water bath (agbada omi gbígbóná tí a ń ki túùbù bọ̀) tó wà ní 36 dípò 37 ti gé nǹkan bí ìdá 7 nínú 100 kúrò. Ní 30, ALT tó yẹ kó jẹ́ 100 á sún mọ́ 60. Gbígbóná jù náà ò sàn: tó bá ti kọjá 50, púpọ̀ nínú àwọn ẹ́ńsáìmù á máa dì bí ẹyin tí a sè, ẹyin sísè kì í sì í padà di tútù.

Ọ̀pọ̀ láàbù kéékèèké ṣì ń lo ìlànà Reitman àti Frankel: 0.5 ml buffer (omi ìdánwò tí ẹ́ńsáìmù máa ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀), 0.1 ml sírọ́ọ̀mù (omi tó kù tí a bá yọ ẹ̀jẹ̀ dídì kúrò), 30 ìṣẹ́jú gbáko ní 37. Ibi tí àṣìṣe pọ̀ sí nìyí. Buffer tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú fíríìjì á jẹ lára 30 ìṣẹ́jú yẹn kó tó gbóná, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ fi í sínú omi fún ìṣẹ́jú 5, kí ẹ tó fi sírọ́ọ̀mù sí i, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka àkókò látìgbà náà. Omi gbọ́dọ̀ ga ju ohun tó wà nínú túùbù lọ. Ẹ ti tẹmómítà bọ inú omi gan-an. Nọ́ńbà ara ẹ̀rọ máa ń parọ́.

Bí iná bá lọ, tí jẹnẹrétọ̀ ò tètè dáhùn, ẹ dé water bath pa. Tí tẹmómítà bá ti wálẹ̀ ju 36.5, ẹ da iṣẹ́ náà nù, kí ẹ tún un ṣe. Àfikún ìṣẹ́jú ò lè tún un ṣe.

Lẹ́yìn náà, 0.5 ml dinitrophenylhydrazine (kẹ́míkà tó ń mú àwọ̀ jáde), 20 ìṣẹ́jú ní dígírì 20 sí 25. 5 ml sodium hydroxide 0.4 mol/L, ẹ fi ẹ̀rọ ka àwọ̀ rẹ̀ ní ìmọ́lẹ̀ 546 nm lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5. Ẹ́ńsáìmù ti dúró nígbà yẹn, àmọ́ ooru ṣì ń kan àwọ̀. Nínú oṣù Ẹrẹ́nà l'Ákùúrẹ́, yàrá tí kò ní éàkọ́ńdíṣọ̀n ju 25 lọ dáadáa, nítorí náà ẹ jẹ́ kí control (àpẹẹrẹ tí a ti mọ èsì rẹ̀) bá túùbù aláìsàn rìn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Sírọ́ọ̀mù tó máa sùn mọ́jú ńkọ́? Ti ALT, fíríìjì ni. Ẹ má gbé e sínú fírísà −20. LDH, ẹ́ńsáìmù mìíràn, ní tiẹ̀ kórìíra òtútù. Orí tábìlì ni kó sùn.