Pálọ̀ Tó Ń Jẹ́ Orúkọ Ẹfúnṣetán

Bí ènìyàn bá fẹ́ mú ìtàn ìlú rẹ̀ wọ inú ilé, ohun tó sábà máa ń ṣe ni pé yóò ra ère, yóò ra igbá fínfín, yóò so aṣọ àdìrẹ mọ́ ògiri, yóò sì gbà pé iṣẹ́ ti parí. Àwọn ohun wọ̀nyí rẹwà, àwọn tó ṣe wọ́n sì yẹ lẹ́ni tí à ń sanwó fún, ṣùgbọ́n ère tó dúró sí kọ̀rọ̀ yàrá kò tíì sọ ìtàn kankan fún ẹni tó wọlé. Ibi tí ìtàn ti ń hàn ni ibi tí ẹnu ọ̀nà wà, irú ẹni tó ń gba ibẹ̀ wọlé, ibi tí àlejò gbọ́dọ̀ dúró sí kí wọ́n tó ní kó jókòó, àti ohun tí ojú rẹ̀ kọ́kọ́ bá pàdé. Àwọn òṣèré orí ìtàgé mọ èyí ju àwa tí à ń ṣe inú ilé lọ́ṣọ̀ọ́ lọ. Àyè tí wọ́n ní kò tó nǹkan, iná wọn níwọ̀n, àga wọn níwọ̀n, nítorí náà kò sí ohun kan lórí ìtàgé tó gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ lásán.

Alhájà kan tó ń ta aṣọ ní ọjà Gbági ní Ìbàdàn ló gbé iṣẹ́ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí fún mi. Wọ́n fẹ́ pálọ̀ kan tí àwọn obìnrin oníṣòwò ẹgbẹ́ wọn yóò ti máa ṣe ìpàdé, wọ́n sì fẹ́ kí ó máa jẹ́ orúkọ Ẹfúnṣetán Aníwúrà. Inú mi dùn, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ẹrù tó wúwo ni wọ́n gbé lé mi lórí, nítorí orúkọ yẹn kì í ṣe èyí tí ènìyàn kàn ń kọ sára ilẹ̀kùn kó sì máa lọ.

Ẹfúnṣetán ni Ìyálóde Ìbàdàn títí di ọdún 1874. Ẹ̀gbá ni bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n Ìbàdàn ni Ẹfúnṣetán ti di ọlọ́rọ̀. Ó ní oko ńláńlá tí ọ̀pọ̀ ẹrú ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ó ń ṣòwò tábà àti aṣọ, ó sì ń ta ìbọn àti ẹ̀tù láwìn fún àwọn ológun. Ní ọdún 1860, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí kú sórí ìkúnlẹ̀, ìtàn sì sọ pé láti ìgbà náà ni ọkàn rẹ̀ ti le sí àwọn ẹrú rẹ̀, débi pé kò fẹ́ rí oyún lára èyíkéyìí nínú wọn mọ́. Nígbà tí Ààrẹ Látóòsà, olórí Ìbàdàn nígbà náà, fẹ́ mú un, ẹ̀sùn mẹ́ta ló kà sí i lẹ́sẹ̀: pé kò bá òun lọ sójú ogun, pé kò fi nǹkan ránṣẹ́ sí òun níbẹ̀, àti pé kò jáde wá pàdé òun lẹ́yìn odi ìlú nígbà tí òun padà dé. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún ọdún 1874, wọ́n yọ ọ́ lóyè Ìyálóde. Kí oṣù Kẹfà tó parí, wọ́n ti pa á.

Ṣùgbọ́n Ẹfúnṣetán tí ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀ kì í ṣe ti inú ìtàn. Ti orí ìtàgé ni. Eré tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ, tó jáde ní ọdún 1970, tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kà, tí ẹgbẹ́ òṣèré Ìṣọ̀lá Ògúnṣọlá sì gbé káàkiri, ló fi ojú àti ohùn sí i lára fún wa. Nínú eré náà, ìkà ni, ẹ̀rù rẹ̀ ń ba gbogbo ilé, bẹ́ẹ̀ ni ikú Adétutù, ẹrúbìnrin rẹ̀ tó lóyún, kì í kúrò lọ́kàn ẹni tó bá ti rí i. Àwọn onímọ̀ ìtàn bíi Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́láńlé Awẹ́ ti rán wa létí apá kejì, pé àwọn ológun tó dìde sí i jẹ ẹ́ lówó, pé obìnrin tó lówó tó bẹ́ẹ̀, tó sì lẹ́nu láàrin ìlú, kò lè ṣe kó má lọ́tàá. Ìbéèrè tó wà níwájú mi ni èwo nínú àwọn méjèèjì ni yóò jókòó nínú pálọ̀ Alhájà. Ìpinnu mi ni pé oníṣòwò náà ni yóò ni yàrá, ṣùgbọ́n yàrá náà kò gbọ́dọ̀ fi àwọn ẹrú rẹ̀ pamọ́.

Ìbàdàn kì í ṣe àjèjì sí kí ènìyàn gba orí ìtàgé dé ìdí ilé kíkọ́. Demas Nwoko, ọmọ Idumuje-Ugboko, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́ ní ẹ̀ka eré ní Yunifásítì Ìbàdàn ní ọdún 1963. Òun ló ṣe ìtàgé fún eré Ọ̀mùtí tí Kọ́lá Ògúnmọ́lá àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe. Kò kẹ́kọ̀ọ́ gẹ́gẹ́ bí ayàwòrán ilé rárá, síbẹ̀ òun ni àwọn Dominican, ẹgbẹ́ àlùfáà Kátólíìkì kan, gbé ilé ìsìn wọn ní Ìbàdàn fún, ó sì po ilẹ̀ pupa pọ̀ mọ́ sìmẹ́ǹtì láti fi mọ búlọ́ọ̀kù tirẹ̀. Ní ọdún 2023 ni wọ́n fún un ní àmì ẹ̀yẹ Kìnnìún Wúrà níbi ìpàtẹ ilé kíkọ́ àgbáyé ní Venice fún iṣẹ́ gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Ohun tí mo rí kọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ni pé ẹni tó ti ronú lórí bí òṣèré ṣe ń wọlé àti bí ó ṣe ń jáde ti mọ ìdajì ohun tí ilé ń fẹ́.

Àjà ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Ìtàn sọ pé lẹ́yìn tí wọ́n yọ Ẹfúnṣetán lóyè, ẹ̀rù ń bà á, kì í sùn sí yàrá kan náà lálaalẹ́. Kumuyilo, ọmọ tó gbà tọ́, ni àwọn ìjòyè lò láti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àwọn ẹrú méjì gba orí àjà wọ yàrá tó sùn sí, wọ́n sì pa á. Lórí ìtàgé, ọ̀nà mìíràn ni ikú gbà wá: Ẹfúnṣetán fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé májèlé jẹ. Mo mọ ìdí tí òǹkọ̀wé fi ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí májèlé fún un láyè láti sọ̀rọ̀ kí ẹ̀mí tó bọ́, ikú ojú oorun kò sì lè fún un ní èyí. Ṣùgbọ́n fún ẹni tó ń tún yàrá ṣe, àjà ni ọ̀rọ̀ wà.

Pálọ̀ Alhájà ní síìlì POP tí wọ́n ya òdòdó sí, irú èyí tó kún ilé Ìbàdàn lónìí. Mo ní kí a tú u kúrò pátápátá, kí ẹni tó bá jókòó sínú yàrá náà lè gbójú sókè kó rí igi òrùlé, kó sì mọ̀ pé kò sí ibi tí ẹnikẹ́ni lè sá pamọ́ sí lókè orí òun. Alhájà kò kọ́kọ́ gbà. Wọ́n ní owó ni àwọn fi ṣe síìlì yẹn, wọ́n sì ní ooru páànù yóò lé àwọn jáde nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, òótọ́ ọ̀rọ̀ sì ni. Ohun tí a ṣe ni pé káfíńtà tẹ́ pákó sábẹ́ páànù, ó fi àyè sílẹ̀ láàrin méjèèjì kí afẹ́fẹ́ lè máa gbà á kọjá, bíríkìlà sì ṣí ojú ihò kéékèèké sókè ògiri méjì tó kọjú síra, kí ooru tó bá gòkè lè rí ọ̀nà jáde. Igi òrùlé ilé náà ti dúdú fún ọjọ́ orí. A kò kùn ún.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀nà. Lórí ìtàgé, ibi tí ènìyàn bá gbà wọlé ti sọ ipò rẹ̀ kó tó la ẹnu. Pálọ̀ yìí ní ilẹ̀kùn kékeré kan lẹ́yìn, tí àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ máa ń gba gbé oúnjẹ wá láti ilé ìdáná, kí àlejò má baà rí wọn títí wọn yóò fi yọ sí wọn. Mo ní kí a di í. Nísinsìnyí, ẹni tó gbé àwo oúnjẹ àti ẹni tí wọ́n gbé e fún, ẹnu ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà wọlé, ojú gbogbo ìpàdé ló sì wà lára àwọn méjèèjì. Bí mo ṣe gbìyànjú láti fi ọ̀wọ̀ fún Adétutù àti àwọn tí ìtàn kò dá orúkọ wọn mọ̀ nìyí, èmi kò sì rò pé àwòrán tí a bá gbé kọ́ ògiri lè ṣe é tó bẹ́ẹ̀.

Nínú ẹnu ọ̀nà náà gan-an, a fi bíríkì amọ̀ mọ ògiri kúkúrú kan tí àlejò gbọ́dọ̀ yí ká kó tó rí àwọn tó wà nínú ilé. Láti orí àga tí Alhájà máa ń jókòó sí, wọn kò lè rí ẹni tó dé. Bí wọ́n bá gbọ́ ohùn rẹ̀, wọ́n ní láti dìde, kí wọ́n sì jáde lọ pàdé rẹ̀. Ẹ rántí ẹ̀sùn kẹta tí Látóòsà fi kan Ẹfúnṣetán. Nígbà tí mo ṣàlàyé èyí fún Alhájà, wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n sì ní kí n má ṣe yí i padà.

Àga kò gba àlàyé púpọ̀. A gbé tẹlifíṣọ̀n kúrò, a sì to àga ní agbo bí àwọn òǹwòran ṣe máa ń yí alárìnjó ká láàrin agbo-ilé, láìsí àga kan tó ga ju èkejì lọ. Iná tó mọ́lẹ̀ jù wà lókè tábìlì tí wọ́n ti ń ṣírò owó, kí gbogbo ojú lè rí ìwé kan náà.

Aṣọ ni ó gbà mí lákòókò. Ẹni tó bá gbọ́ Aníwúrà yóò ti máa ro ọ̀dà aláwọ̀ wúrà àti kọ́tìnnì tó ń dán. Mo kọ àwọn méjèèjì. Kíjìpá ni mo yàn, aṣọ òwú tó nípọn tí àwọn obìnrin ń hun nínú ilé lórí òfì tó dúró gbọọrọ lára ògiri, nítorí wọ́n ka aṣọ yìí gan-an mọ́ ọjà tí Ẹfúnṣetán ṣòwò rẹ̀. Àwọn tó ṣì ń hun ún kò pọ̀ mọ́, iṣẹ́ náà kì í sì í yá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní kí n lo àdìrẹ Ìbàdàndùn, tó jẹ́ pé òpó Mápó ló wà lára rẹ̀. Mo fẹ́ràn àdìrẹ yẹn gan-an, ṣùgbọ́n ọdún 1929 ni wọ́n ṣí gbọ̀ngàn Mápó, nígbà tí Ẹfúnṣetán ti kú láti ọdún 55 sẹ́yìn. Ẹni tó ń ṣe eré onítàn kò ní fi aago sọ́wọ́ Látóòsà, kí ló dé tí èmi yóò fi fi Mápó sínú yàrá Ìyálóde?

Alhájà ti ní kí n wá wo yàrá òkè, tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí òkè Mápó. Ìtàn mìíràn ni ibẹ̀ yóò sọ, Ìbàdàndùn yóò sì wúlò níbẹ̀. Mo ti bẹ àwọn aláró fún ọ̀pá mẹ́wàá.