Àńtẹ́nà mẹ́rin kọ́ ló ń mú káàdì Wi-Fi dára

Bí ẹ bá ra dẹ́sítọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ l'Ádó, kò dájú pé ẹ máa bá Wi-Fi nínú rẹ̀. Ọ́fíìsì òkè òkun ni ọ̀pọ̀ wọn ti wá, wáyà ni wọ́n sì fi ń so wọ́n mọ́ nẹ́tíwọ̀ọ̀kì lọ́hùn-ún. Àwa ńkọ́? Ráútà oní-sim là ń lò, tàbí ká tan hotspot fóònù. Ìyẹn ni wọ́n fi ń bi mí ṣáá pé, “Àǹtí, káàdì wo ni ká rà?”

Iṣẹ́ ìwé ètò ìsìnkú àti pósítà ni mò ń ṣe ní Ìjìgbò. Ẹni tó bá mọ Èkìtì mọ bí òpin ọ̀sẹ̀ ṣe máa ń rí fún wa. Ẹbí á máa fi fọ́tò olóògbé ránṣẹ́ láti Ìjerò, láti Èkó, láti Lọ́ńdọ̀nù, kò sì sẹ́ni tó máa gbọ́ pé nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ni kò jẹ́ kí iṣẹ́ parí. Òkú ò ní dúró de Wi-Fi.

Ẹ jẹ́ kí n tètè mú èyí kúrò lọ́nà: bí ráútà yín bá wà lórí tábìlì kan náà pẹ̀lú kọ̀ǹpútà, wáyà ni kẹ́ ẹ rà. Ó pọ́ọ́kú, kì í já lójijì, kò sì sí káàdì tó lè bá a figẹ̀ wọngẹ̀.

Nǹkan bíńtín tí wọ́n ń kì bọ ojú USB ńkọ́? Mi ò bá ẹni tó fẹ́ fi tán wàhálà ìgbà díẹ̀ jà. Àmọ́ inú ara rẹ̀ ni àńtẹ́nà rẹ̀ wà, ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà onírin ló sì máa ń sá pamọ́ sí. Nǹkan mìíràn tún wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀. Ojú USB 3 máa ń tú ariwo rédíò sáfẹ́fẹ́ ní agbègbè 2.4 GHz (ọ̀kan lára ojú ọ̀nà tí Wi-Fi ń gbà; 5 GHz ni èkejì), ibẹ̀ gan-an sì ni Wi-Fi àwọn ráútà kékeré ń gbà. Intel ti kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ yìí láti 2012. Bí mo bá ń kó fọ́tò láti inú háàdì dísìkì alágbèéká, tí nǹkan bíńtín yẹn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, WhatsApp á kàn máa yí gbirigbiri ni. Ẹ bá mi wá káàdì inú.

Orúkọ ṣíìpù, ìyẹn ọpọlọ káàdì, ni mo kọ́kọ́ ń bèèrè. Ọmọkùnrin kan tó ń ta ẹ̀yà kọ̀ǹpútà gbé páálí kan wá fún mi, ó ní, “Àǹtí, àńtẹ́nà mẹ́rin lèyí ní o, 3000 ni.” Mo ní kí lorúkọ ṣíìpù inú rẹ̀. Ó ní Wi-Fi 6 (ìran kẹfà Wi-Fi) ni. Mo ní mo gbọ́, ta ló ṣe é? Ó yí páálí náà síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó ní, “Àǹtí, ẹ sáà gbé e wò, ó wúwo.” Òótọ́ ni, ó wúwo. Irin tí wọ́n fi bò ó kí ooru lè máa jáde ló wúwo. Àńtẹ́nà mẹ́rin lórí ṣíìpù tí kò lè lò ju méjì lọ: oníyán tó kó ọmọ odó mẹ́rin ti iṣu kan ni.

Nọ́ńbà 3000 yẹn náà, tí wọ́n fi ń sọ bí káàdì ṣe yára tó (Mbps), àròpọ̀ ni. Wọ́n mú 2402 tó lè dé lórí 5 GHz, wọ́n fi 574 ti 2.4 GHz kún un, wọ́n wá sún un sókè sí 3000. Kọ̀ǹpútà yín ò sì ní lo méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. 2402 ọ̀hún gan-an ò lè wáyé àfi bí ráútà bá lè la ọ̀nà tó fẹ̀ tó 160 MHz fún un. Bí ráútà bá dúró sí 80 MHz, 1201 ni. Ìyẹn lórí ìwé o. Tojú ayé kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ṣíìpù Intel AX200 (Wi-Fi 6) àti AX210 (Wi-Fi 6E, ìyẹn Wi-Fi 6 tó tún ń gba ojú 6 GHz) ni mo fẹ́ràn jù. Ọ̀pọ̀ káàdì tí orúkọ ilé iṣẹ́ mìíràn wà lára páálí wọn, bí ẹ bá tú irin tí wọ́n fi bò ó, káàdì kékeré ti láptọ́ọ̀pù yìí náà lẹ máa bá níbẹ̀, tí wọ́n gbé lé pátákó. Ṣíìpù Realtek àti ti MediaTek kì í ṣe ọ̀tá mi, wọ́n ń ṣiṣẹ́. Àmọ́ ẹni tó ń lo Linux, AX200 ti wà nínú Linux láti ẹ̀dà 5.1, AX210 láti ẹ̀dà 5.10, kò ní máa wá dráífà (ètò tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà mọ káàdì) kiri. Ẹ wá ṣọ́ra fún AX201 àti AX211. Nọ́ńbà kan péré ló yà wọ́n sọ́tọ̀, ṣùgbọ́n àwọn yẹn ò lè dá dúró: apá kan iṣẹ́ wọn wà lọ́wọ́ mọ́dábọ́ọ̀dù (pátákó ńlá inú kọ̀ǹpútà) Intel tó bá wọn mu. Bí ẹ bá gbé e lé pátákó kẹ́ ẹ sì kì í bọ ihò PCIe (ihò tí káàdì ń wọ̀ lórí mọ́dábọ́ọ̀dù), kò ní mí.

Kẹ́ ẹ tó náwó sórí 6E tàbí Wi-Fi 7, ẹ lọ wo ìdí ráútà yín. Ọ̀pọ̀ MiFi (ráútà oní-sim alágbèéká) tó wà lọ́wọ́ wa, Wi-Fi 4 ni, 2.4 GHz nìkan. Ẹ fi AX210 sínú kọ̀ǹpútà, Wi-Fi 4 náà ni yóò máa ṣe. Ráútà Starlink tuntun jẹ́ Wi-Fi 6, AX200 sì tó o. Ojú 6 GHz tí AX210 fi ju AX200 lọ, Windows 11 ló ń ṣí i, Windows 10 kò ṣí i. Ẹni tó ṣì wà lórí Windows 7 (ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, mo mọ̀ yín), Intel ò ṣe dráífà AX200 fún un rárá. BE200 tí í ṣe Wi-Fi 7 kì í bá ọ̀pọ̀ mọ́dábọ́ọ̀dù AMD (ilé iṣẹ́ tó ń bá Intel du ọjà) rẹ́.

Bàbá kan tó ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ gbé káàdì wọn wá láti Ìkéré, wọ́n ní kí n bá wọn fi sínú OptiPlex (dẹ́sítọ́ọ̀pù Dell) pẹlẹbẹ wọn. Káàdì dára, ṣíìpù dára, irin ẹ̀yìn rẹ̀ ló gùn jù, ìdérí ò pa dé. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, ṣé ká gé e ni?” Mo ní, “Rárá o, Bàbá, ẹ dákun.” Irin kúkúrú sábà máa ń bá káàdì wá nínú páálí, àmọ́ àwọn ọmọ-ọmọ wọn ti sọ páálí di mọ́tò. Wọ́n padà lọ sílé, wọ́n bá irin náà lábẹ́ àga. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kọ̀ǹpútà tín-ínrín, ẹ bèèrè irin kúkúrú kẹ́ ẹ tó sanwó.

Ihò PCIe x1 ni káàdì ń lò, ihò tó gùn jù ú lọ náà gbà á. Bluetooth kì í gba ibẹ̀ kọjá ní tirẹ̀. Wáyà kékeré kan ni wọ́n ń kì bọ ojú USB oní-pín mẹ́sàn-án lórí mọ́dábọ́ọ̀dù. Bí ẹ kò bá so ó, Wi-Fi á ṣiṣẹ́, Bluetooth ò ní jáde.

Káàdì tí àńtẹ́nà rẹ̀ dúró ṣánṣán sẹ́yìn kọ̀ǹpútà kò wù mí. Abẹ́ tábìlì ni kọ̀ǹpútà máa ń wà, irin níwájú, ògiri búlọ́ọ̀kù lẹ́yìn, 5 GHz ò sì fẹ́ràn ògiri. Èyí tó ní wáyà àti ẹsẹ̀ mágínẹ́ẹ̀tì ni kẹ́ ẹ rà, kẹ́ ẹ gbé e sókè. Lọ́dọ̀ mi, ojú fèrèsé ni ráútà wà, ibẹ̀ ló ti ń rí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì mú, ògiri kan ló sì wà láàárín wa. Àńtẹ́nà tí mo gbé lé orí kọ́bọ́ọ̀dù ló ń jẹ́ kí n rí 5 GHz lò níbi tí mo jókòó sí.

Windows tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sí i lè má mọ káàdì náà, kò sì ní nẹ́tíwọ̀ọ̀kì tó máa fi wá dráífà. Ẹ fi wáyà so fóònù mọ́ ọn, kẹ́ ẹ tan USB tethering, á gba íntánẹ́ẹ̀tì láti ibẹ̀. Ti iye owó, ẹ má bi mí. Èyí tí mo bá kọ lónìí á ti yí padà kó tó di ọjọ́ ọjà. Ẹ ṣáà ní kí wọ́n ki káàdì bọ kọ̀ǹpútà ní ṣọ́ọ̀bù, kí wọ́n ṣí Device Manager, kẹ́ ẹ fi ojú ara yín ka orúkọ tó wà lábẹ́ Network adapters kẹ́ ẹ tó ṣe transfer.