Wáyà, katapílà àti bébà ara kọ̀ǹpútà

Lọ́jọ́bọ̀ ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, mo ti ra ata, mo ti ra pańla, mo bá tẹ tíráńsífà, ló bá ń yí, ó ń yí, ìyá aláta wá ń wò mí bí ọmọ yahoo. Wọ́n ní "Ọ̀gá, mi ò tíì rí alẹ́ọ̀tì o." Mo ní "Ẹ má bínú mà, ó ń bọ̀." Kò wá. Mo dá ata padà, mo lọ mu gààrí.

Ìgbà tó yá la gbọ́ pé wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin tó ń gbé íńtánẹ́ẹ̀tì wá fún wa ló já lápá Abidjan: WACS, MainOne, ACE, SAT-3. Wọ́n ní ilẹ̀ abẹ́ òkun ló yẹ̀, kì í ṣọwọ́ èèyàn. Ó dáa.

Oṣù kẹfà ọdún yẹn ni àṣẹ Tinubu jáde nínú gáséètì, pé òpó nẹ́tíwọ̀kì, wáyà fáíbà àti irú wọn ti di dúkìá tí gbogbo orílẹ̀-èdè gbára lé, kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Òfin ìwà ọ̀daràn orí íńtánẹ́ẹ̀tì (Cybercrimes Act) ti ọdún 2015 ló ti fún ààrẹ lágbára ẹ̀ o! Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún náà ti tó wọ praimárì four kí wọ́n tó lò ó. Ẹ̀wọ̀n tó lè tó ọdún 10 ló wà ńbẹ̀, kò sí pé o ń sanwó ìtanràn, bí ẹ̀mí bá sì bá a lọ, ẹ̀wọ̀n gbére ni.

Mo fara mọ́ ọn. Àwọn tó ń jí bátìrì ìdí másìtì, kí wọ́n lọ rọ́kún lẹ́wọ̀n. Àmọ́ kọngílá tíjọba fúnra ẹ̀ gbé iṣẹ́ títì fún, tí katapílà ẹ̀ ń já fáíbà lójoojúmọ́, ta ló fẹ́ mú un?

Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú òfin náà, ẹnikẹ́ni ò sọ ọ́: ó fàyè gba ọ́fíìsì NSA, olùdámọ̀ràn ààrẹ lórí ètò ààbò, láti wọlé wá yẹ irú dúkìá bẹ́ẹ̀ wò bóyá ẹ ti ilẹ̀kùn, títí kan ti kọ̀ǹpútà. Torí páswọ́ọ̀dù kan ṣoṣo tó bọ́ sọ́wọ́ olè orí kọ̀ǹpútà ló ti páìpù epo Colonial pa l'Amẹ́ríkà loṣù karùn-ún 2021, tí wọ́n fi san bitcoin 75 fáwọn olè. Ọ́fíìsì kan wà tí mo ti lọ jà lórí bíìlì iná, mi ò ní dárúkọ, páswọ́ọ̀dù wọn wà lára kọ̀ǹpútà, wọ́n fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, ọlọ́mi tútù á kà á. Mo tún débẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Bébà náà wà ńbẹ̀, wọ́n kàn fa ìlà sí 2024 tó wà níparí páswọ́ọ̀dù náà, wọ́n kọ 2025.