Ọmọ Ìrókò Kì í Dàgbà Lábẹ́ Ìyá Rẹ̀

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ mọ́jú òní. Kò pọ̀, àmọ́ ó tó kí òórùn ilẹ̀ gba inú igbó kan. Mo ti wọ bàtà tán kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, torí mo mọ̀ pé bí oòrùn bá fi lè ràn, èèrà á ti kó èyí tó pọ̀ jù lọ nínú ohun tí mo ń wá. Ìgbẹ́ àdán ni mo ń wá, torí irúgbìn ìrókò tó máa ń wà nínú rẹ̀. Ó di ọjọ́ kọkànlá lónìí tí mo ti ń ṣe é láràárọ̀, kò sì tíì sú mi.

Abo ni ìrókò tí mo ń tọ̀ lọ. Ẹni tí kò bá sún mọ́ igi yìí rí lè má mọ̀ pé ìrókò ní akọ, ó ní abo, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ni igi tí wọ́n jẹ́. Ìtànná akọ funfun, ó gùn tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì máa ń fì dirodiro lára ẹ̀ka bí ìrù. Ti abo kúrú, ó ki, àwọ̀ ewé ló sì ní. Afẹ́fẹ́ ló ń gbé ìyẹ̀fun ìtànná láti ara akọ dé ara abo. Ìdí nìyẹn tí ọkàn mi kì í fi í balẹ̀ nígbà tí mo bá rí ìrókò kan ṣoṣo tí wọ́n dá sí láàárín pápá, tí àwọn èèyàn ń sọ pé, "Ẹ ò rí i, ó ṣì kù." Òótọ́ ni pé ó kù. Ṣùgbọ́n kò lè dá ọmọ bí.

Tèmi yìí ní akọ nítòsí, ọpẹ́ ni. Bí mo bá fi ojú wọ̀n ọ́n, á tó mítà 40, ìdajì gíga yẹn ni kò sì ní ẹ̀ka kankan. Ìdí rẹ̀ kún fún èso láàárọ̀ yìí. Mo mú ọ̀kan. Ó gùn tó ìka àárín ọwọ́ mi, ara rẹ̀ hunjọ bíi ti kòkòrò tí ń jẹ ewé, ó sì rọ̀ débi pé àtàǹpàkò mi rì sínú rẹ̀. Ó ti pọ́n tán, síbẹ̀ àwọ̀ ewé ló ní. Kì í pupa, kì í sì í dà bí ohun tó fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí òun. Ó yé mi: kì í ṣe ojú ẹyẹ ni igi yìí ń wá ní pàtàkì, imú ohun tí ń fò lóru ni. Mo la èso náà. Àwọn irúgbìn inú rẹ̀ kò ju orí ìṣáná lọ. Mo ka 60 kí wọ́n tó lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́ tí ìṣirò mi fi dàrú. Kí èèyàn tó kó irúgbìn ìrókò tó kílò kan jọ, á ti kó ohun tó ju 400,000 lọ.

Ẹ wá wo bí nǹkan ṣe rí: igi tó ń so tó báyìí, tó ń da èso sílẹ̀ bí òjò, kò ní ọmọ kan ṣoṣo lábẹ́ rẹ̀. Mo ti rákò yí ìdí rẹ̀ ká láti ọjọ́ kìíní, mo ti ṣí ewé gbígbẹ wò níbùsọ̀ níbùsọ̀. Èyí tó bá tilẹ̀ hù níbẹ̀, ewé méjì àkọ́kọ́ náà ló máa ń rí, kó tó gbẹ. Òjìji ìyá wọn ló ń pa wọ́n. Oòrùn ni ọmọ ìrókò ń fẹ́. Inú òkùnkùn kò bá a lára mu. Àwọn eku àti kòkòrò pẹ̀lú sì mọ̀ pé ibi tí èso pọ̀ sí ni oúnjẹ wà.

Lálẹ́ àná, kí òjò tó dé, mo jókòó sí ìdí igi náà láìtan tọ́ọ̀ṣì. Àwọn àdán dé nígbà tí ojú ọ̀run ṣì ní ìmọ́lẹ̀ díẹ̀. Mo kọ́kọ́ gbọ́ wọn kí n tó rí wọn: ìyẹ́ ń lu afẹ́fẹ́ wúyẹ́wúyẹ́, lẹ́yìn náà ni ariwo ìjà lórí ẹ̀ka, nítorí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń lé ẹnìkejì. Irú àdán tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Eidolon helvum ni. Bí ó bá na ìyẹ́ rẹ̀ tán, ó lè fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 75. Nígbà tó yá, ohun kan bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ lára ewé gbígbẹ: pò, pò, pò. Ọ̀kan bọ́ sí mi léjìká. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i: ìṣù fọ́nrán kékeré ni, ó ti gbẹ tán, bí ìgbà tí èèyàn fún ọsàn tó sì tu háhá rẹ̀. Àdán kì í gbé gbogbo èso mì. Á fi ahọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́ àjà ẹnu, á mu omi rẹ̀, á sì tu fọ́nrán dànù. Irúgbìn ìrókò ni kò gba ìtutọ́ yẹn. Wọ́n kéré jù. Bí omi èso ṣe ń lọ, àwọn náà ń bá a lọ.

Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti kúrò lábẹ́ ìyá wọn. Irúgbìn lè jáde lára àdán láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ó sì lè pẹ́ wákàtí púpọ̀ nínú rẹ̀. Àdán kì í sì í dúró sójú kan. Ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní 2016 láti Gánà fi hàn pé àdán yìí lè gbé irúgbìn kéékèèké dé ibi tó jìn tó kìlómítà 75. Ní 2019, àwọn tó fi ẹ̀rọ GPS sára àdán tí ń sùn ní Accra ṣírò pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn tó wà níbẹ̀, 152,000, lè fọ́n irúgbìn tó ju 300,000 ká ní òru ọjọ́ kan péré. Ní Kasanka lórílẹ̀-èdè Zambia, láti Oṣù Kẹwàá sí Oṣù Kejìlá, ọ̀kẹ́ àìmọye wọn ló máa ń kóra jọ sínú igbó kékeré kan. Nígbà tí mo bá rántí iye yìí, tí mo sì wo igba tàbí ọ̀ọ́dúnrún tó wá sórí igi mi lálẹ́ àná, mo máa ń rí i pé ẹnu ọ̀nà iṣẹ́ náà lásán ni mo jókòó sí.

Mo ní láti kọ ọ̀rọ̀ ọdún tó kọjá síbí, torí òun ló gbé mi dé ìdí ìgbẹ́ àdán. Mo fẹ́ ran ìrókò lọ́wọ́ nígbà náà. Mo kó irúgbìn, mo tọ́ wọn nínú òjìji títí wọ́n fi ga tó ìgbọ̀nwọ́, mo wá lọ gbin 40 sí ilẹ̀ gbangba. Mo tò wọ́n ní ẹsẹ ẹsẹ, ó gún régé, mo ro gbogbo koríko tó wà láàárín wọn. Kò pé oṣù mẹ́ta tí orí wọn fi bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Kókó roboto bo ewé tuntun àti ọ̀mùnú, ó ń dán, ó tutù bí èso àjàrà kékeré. Mo la ọ̀kan mo sì bá ọmọ kòkòrò nínú rẹ̀, ó pọ̀nrá, ó rọra ń mira. Phytolyma lata ni orúkọ rẹ̀, ìrókò àti àwọn ìbátan rẹ̀ ni oúnjẹ tirẹ̀. Ìyá á yé ẹyin sára ewé, ọmọ á wọnú ara igi, igi á sì wú yí i ká bí ilé. Lọ́jọ́ tí kókó yẹn bá là, tí kòkòrò jáde, ibẹ̀ á jẹrà, ọ̀mùnú á gbẹ dànù. Igi á tún rú òmíràn, kòkòrò á tún wọ̀ ọ́. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn fi dé, mẹ́ta ló kù nínú 40, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ti di igbó kúkúrú tí kò mọ ibi tí òun ń lọ.

Kì í ṣe èmi nìkan ló ṣẹlẹ̀ sí. Kòkòrò yìí ni olórí ìdí tí oko ìrókò fi ṣòro dá ní gbogbo ibi tí wọ́n ti gbìyànjú ẹ̀ lápá ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà. Ó dùn mí gan-an nígbà yẹn. Mo rò pé omi ni kò tó, mo rò pé ilẹ̀ ni kò dára. Ó pẹ́ kí n tó gbà pé ọ̀nà tí mo gbà gbìn wọ́n gan-an ló pa wọ́n: mo kó oúnjẹ kòkòrò jọ sójú kan nínú oòrùn gbangba, mo tún ro gbogbo ohun tó lè bò wọ́n mọ́lẹ̀.

Láàárọ̀ yìí, láti ìdí ìyá ìrókò, mo rin nǹkan bí irínwó ìṣísẹ̀ dé ibi tí igi ńlá kan ti wó ní òjò èṣí. Nígbà tó wó, ó fa igi méjì mìíràn lulẹ̀, ojú ọ̀run sì là síbẹ̀. Oòrùn ń wọlé láti nǹkan bí agogo mẹ́wàá títí di ọ̀sán, lẹ́yìn náà òjìji á padà. Ewéko ti kún ibẹ̀ fọ́fọ́, ìtàkùn, ọmọ igi oríṣiríṣi. Bàbá tó ń fi ọ̀nà igbó hàn mí ti débẹ̀ ṣáájú mi, wọ́n jókòó sórí ìtì igi náà.

"Ẹ kú àárọ̀, Bàbá. Ẹ kú ìrì."

"O kú àárọ̀, ọmọ mi. Mo ti rí ọ̀kan tí o fò lánàá." Wọ́n fi igi tọ́ka sí abẹ́ ìtàkùn. "Ìyẹn nìyẹn."

Òótọ́ ni. Ọ̀kan tó ga tó àtẹ́lẹwọ́. Ọmọ ìrókò kò jọ àgbà: etí ewé rẹ̀ rí ṣóńṣó-ṣóńṣó bí eyín ayùn, ara ewé náà sì le ganra-ganra bí ahọ́n ológbò. Bó bá dàgbà, eyín yẹn á pòórá, ewé á dán. Mo gé etí ewé kan díẹ̀, omi funfun yọ níbẹ̀ kíá. Ó di ọmọ ìrókò 17 tí mo ti rí níbẹ̀.

A wo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, èmi àti Bàbá. Nínú 17 yẹn, méjì péré ló ní kókó lára. Àwọn tó kù mọ́ tónítóní. Kò sí méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ọ̀kan wà níbí, òmíràn wà lẹ́yìn ìtì igi, òmíràn wà láàárín ewéko tó gùn jù ú lọ. Ẹni tó gbìn wọ́n fò kọjá ni, kò wo ẹ̀yìn. Ohun tí mo fi ìlà àti okùn wá lọ́dún tó kọjá, tí mi ò rí, ó wà níbí ní rúdurùdu.

Mo ti yọ àdá jáde kí n tó mọ̀, mo fẹ́ gé ìtàkùn tó bo èyí tí Bàbá fi hàn mí. Wọ́n ní, "Kí lo fẹ́ fi í ṣe?"

"Kó lè rí oòrùn, sà."

"Oòrùn tó rí ló fi hù. Fi í sílẹ̀."

Mo dá àdá padà sínú àkọ̀.

A máa ń sọ pé kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, tó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Gbogbo ayé mi ni mo ti ń gbọ́ ọ, àwọn ọmọdé ni mo sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ń bá wí. Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn ọmọ ìrókò yìí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ronú sí igi fúnra rẹ̀. Ìgbà tí apá ṣì ká a yẹn, ó gùn púpọ̀. Ẹsẹ̀ èèyàn ká a, ẹnu ẹran ká a, kòkòrò tí kò tó orí abẹ́rẹ́ ká a. Ìrókò tí wọ́n gé lè rú láti ara kùkùté rẹ̀ tàbí láti gbòǹgbò, èmi náà ti rí i, inú mi sì máa ń dùn tí mo bá rí i. Àmọ́ ojú kan náà ni ìyẹn wà. Kó tó lè rìn, àfi àdán.

Bẹ́ẹ̀, ọmọ kan ṣoṣo ni abo àdán yìí máa ń bí lọ́dún. Wọ́n ń yìnbọn sí wọn, wọ́n ń gé igi tí wọ́n ń sùn lé, àwọn tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ẹranko àgbáyé sì ti kọ ọ́ sára àwọn tó sún mọ́ ewu. Mo mọ̀ pé ariwo àti òórùn wọn kì í jẹ́ kí ará ilé sinmi. Mi ò ní pe ìyẹn ní irọ́. Ó kàn ń dùn mí pé àwọn tó ń dáàbò bo igi ìrókò àti àwọn tó ń lé àdán lè jẹ́ èèyàn kan náà, láìmọ̀.

Kí a tó kúrò ni mo rí ohun tí mo jí wá. Lórí ewé gbòòrò kan, ìgbẹ́ àdán ọ̀tun wà níbẹ̀, ó ṣàn bí ẹ̀kọ tó fẹ́ di, òjò kò tíì fọ̀ ọ́ tán. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo fi dígí wò ó. Irúgbìn mẹ́sàn-án, ara wọn mọ́, kò sí ẹran èso kankan lára wọn mọ́. Èèrà kan ti dé, ó ń yí wọn ká. Mo rọra tẹ ewé náà kí wọ́n lè bọ́ sílẹ̀ rírọ̀ tó wà nísàlẹ̀, ìyẹn nìkan ni mo ṣe. Bí wọn yóò bá hù, á tó ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta.

Mo ti gún ọ̀pá 17 sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, ọ̀kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Bàbá gé ọ̀kan sí i, wọ́n nà án sí mi láìsọ̀rọ̀, mo sì gún un sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí irúgbìn náà bọ́ sí.