Ọdún tí aago àwọn èèyàn wà lọ́wọ́ mi

Ẹ̀yin tí a ti jọ ń bọ̀ mọ̀ pé inú oṣù kẹta ni Bàbá fi wá sílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ wá, tí ẹ pè, tí ẹ fowó ránṣẹ́, Ọlọ́run á san án fún yín. Èyí tó kù nínú oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ yẹn, mi ò rántí ẹ̀ mọ́.

Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ, mo lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún aago ṣe ní Ọjà Ọba. Aago ọwọ́ 23 ni mo bá nínú dúrọ́ọ̀, kálukú nínú ọ̀rá tiẹ̀, wọ́n fi òwú so ó lẹ́nu. Kò sí orúkọ lára ọ̀kankan. Orí Bàbá ni orúkọ àwọn oníbàárà wà. Alfa ní àmánà ni, ká wá àwọn tó ni ín. Níbo ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀?

Oṣù kẹjọ ni mo rí ìwé kan tó nípọn bíi bíríkì lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ìwé àlòkù nítòsí Pósófíìsì. The Invention of Hugo Cabret ni, Brian Selznick ará Amẹ́ríkà ló kọ ọ́, òun náà ló yàwòrán rẹ̀. Ó lé ní 500 ojú ìwé, 284 nínú ẹ̀ sì jẹ́ àwòrán. Ọ̀rọ̀ á dákẹ́, àwòrán á gba ìtàn náà lẹ́nu ẹ̀, ẹ óò máa ṣí ojú ìwé, Hugo, ọmọkùnrin inú ìtàn náà, á máa sáré, ẹ ò sì ní ṣì í mọ̀. Àwòrán yẹn ló gba Caldecott Medal, ẹ̀bùn tí wọ́n ń fún àwòrán ìwé ọmọdé ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 2008. Ọmọ náà ń wáìn aago ibùdó rélùwéè ní Paris. Bàbá ẹ̀ tó ń tún aago ṣe ti kú sínú iná. Ibẹ̀ ni mo ti pa ìwé náà dé. Ó di ọjọ́ kẹta kí n tó tún ṣí i.

Ẹ mọ wàhálà tí mo ti ń bá kóòdù fà nítorí wẹ́ẹ̀bùsáìtì: àmì kan ṣoṣo sọnù, gbogbo ẹ̀ dàrú. Àbúrò mi ló jókòó tì mí, tó fi Google Sites hàn mí, ohun tí èèyàn lè fi ṣe wẹ́ẹ̀bùsáìtì láìkọ kóòdù. Ọ̀fẹ́ ni, kéèyàn ṣáà ti ní àkáǹtì Google. Ẹ wọ́ fọ́tò síbi tó wù yín, ẹ tẹ Publish, ó tán. NEPA ò tíì mú iná lálẹ́ ọjọ́ náà tí fọ́tò aago 23 náà fi wà níbẹ̀ kí àwọn tó ni wọ́n lè dá wọn mọ̀, iwájú àti ẹ̀yìn, láìsí ọ̀rọ̀ púpọ̀, bíi ti ìwé yẹn, torí ọ̀pọ̀ oníbàárà Bàbá ni kò mọ̀ọ́kọ mọ̀ọ́kà.

Mẹ́sàn-án nínú àwọn aago náà ti rí olówó ẹ̀, Alihamudulilahi. Ìyá àgbà kan wá láti Òkè-Léélé, wọ́n na fóònù ọmọọmọ wọn sí mi: aago ọkọ wọn ni. Wọ́n gbé e sétí, ó ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ní èló ni Bàbá ní kí àwọn san. Mi ò mọ̀. Mo ní Bàbá ti gbowó.

Ó ku 14. Àràárọ̀ ni mò ń wáìn àwọn tó ṣeé wáìn nínú wọn. Ọ̀kan níbẹ̀, oníbẹ́líìtì aláwọ̀ ilẹ̀ yẹn, ti Bàbá fúnra wọn ni. Mo fi fọ́tò tiẹ̀ náà síbẹ̀.