Ajẹ́lẹ̀ inú fóònù

Sátidé tó lọ, ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán tí mẹ́séèjì kan fi wọlé sórí fóònù mi, nọ́ńbà tí mi ò mọ̀ rí, wọ́n ní àbúrò mi obìnrin tó ń ta èlùbọ́ l'Ákẹ̀sán, olè ni, kí n kìlọ̀ fún un kó san owó olówó. Mo rò pé èmi nìkan ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí, àfi bí alájọ ṣe pè mí, ìyá ìjọ pè, kódà ẹni tó ń bá a lọ èlùbọ́ náà rí i gbà.

₦15,000 péré ló yá lórí áàpù kan o! Kí wọ́n tó fún un, áàpù yẹn ní kó jẹ́ káwọn wo gbogbo nọ́ńbà orí fóònù ẹ̀, ó sì tẹ "allow", torí owó ló ń wá, kò ka nǹkan kan. (Èmi náà kì í kà á, ká má purọ́.)

Àwa ọmọ Ọ̀yọ́ ṣáà mọ ọ̀rọ̀ amí. Láyé ijọ́un, Aláàfin a máa fi ajẹ́lẹ̀ sáwọn ìlú tó ń sìn ín, wọ́n á máa bá a gba ìṣákọ́lẹ̀, wọ́n á sì máa bá a ṣọ́ ibẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ìlú ló mọ ilé ajẹ́lẹ̀, nígbà tí Lísàbí kó àwọn Ẹ̀gbá jọ láti pa àwọn ajẹ́lẹ̀ ọ̀hún, wọn ò béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Tinú fóònù yìí, ilé ẹ̀ dà?

Ní 2013 tí Edward Snowden tú àṣírí NSA, àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Amẹ́ríkà tóun náà bá ṣiṣẹ́ rí, a gbọ́ pé ojoojúmọ́ ni iléeṣẹ́ fóònù Verizon ń kó àkọsílẹ̀ ìpè àwọn èèyàn fún wọn, ẹni tó pe ẹni, ìgbà tó pè é, bó ṣe pẹ́ tó. Àwọn kan ní ṣebí wọn ò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. Ẹ jọ̀ọ́, tí mo bá mọ̀ pé o pe ilé ìgbẹ̀bí láàárọ̀, o pe màmá ẹ lọ́sàn-án, o wá pe ẹni tó ń ta aṣọ ọmọ tuntun nírọ̀lẹ́, kí ló kù tí mi ò gbọ́?

Tàwọn oníléeṣẹ́ ló tún wá jọ tàbúrò mi. Cambridge Analytica, iléeṣẹ́ kan tó bá àwọn olóṣèlú wá ìbò, rí ìsọfúnni nípa àwọn èèyàn kó látara ìbéèrè kan táwọn èèyàn ń dáhùn lórí Facebook, Facebook fúnra wọn ní ó lè tó mílíọ̀nù 87 èèyàn, bẹ́ẹ̀ èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ò dáhùn ìbéèrè kankan, ọ̀rẹ́ wọn ló dáhùn. Òun ló tẹ̀ ẹ́, nọ́ńbà tèmi ni wọ́n kó.

Ó san gbèsè ẹ̀ ní Mọ́ńdè, mo bá a yọ áàpù ọ̀hún kúrò. Nígbà tó di Tọ́sìdeè, mẹ́séèjì tún dé, èmi ni wọ́n fẹ́ yá lówó báyìí.